Ọkùnrin tí Wọ́n Ní Akóredé Nà

Kò sí ẹni tí kò mọ Akóredé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri ìsọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà nítòsí wa, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, bẹ́líìtì wà léjìká rẹ̀, eyín funfun báláú. Akànṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò nà rí títí tó fi bọ́ ìbọ̀wọ́ ìjà sílẹ̀. Bí mo bá wá bi yín pé ta ni Sàláwù, ẹ ó ní, Sàláwù wo? Èyí tó ń la pákó ní Òjòwò? Òun náà ni. Ọkọ mi ni. Ó wà lára àwọn tí Akóredé nà kó tó di ẹni tí ayé ń pariwo.

Èmi Abibat ni mò ń sọ̀rọ̀. Ọmọ Ìbíadé ni mí, létí omi, ẹja ni mò ń yan tà. Àwọn èèyàn ní ẹnu mi mú, wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹni tí inú kò bá bí bó bá gbọ́ ọ tán, kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Sàláwù jẹ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ, á kọ́kọ́ ní bóyá òun lòun ṣìṣe. Láti ìgbà tí mo ti wọlé rẹ̀, gbogbo Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ló fi ń gba ààwẹ̀, yàtọ̀ sí ti Ràmàdáánì. Ilẹ̀ kì í mọ́ kó má kírun àárọ̀ ní mọ́sáláṣí. Bó bá ti ibẹ̀ dé, á mu ẹ̀kọ, á wọ ṣòkòtò péńpé, á forí lé sọ́míìlì, kò ní padà wálé títí dìrọ̀lẹ́, eruku igi á ti bò ó lórí funfun. Ní sọ́míìlì yẹn, Ráúǹdì Keje ni wọ́n ń pè é, nítorí ráúǹdì keje ni Akóredé tó gbé e ṣubú. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò bí ọkọ mi nínú. Ohun ìwúrí ni fún un. Á ní, "Àwọn yòókù, ta ló bá Akóredé dé ìkẹta nínú wọn?"

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń bà á nínú jẹ́, èémí rẹ̀ ni. Ó gbà pé èémí òun kúrú, pé bí Ọlọ́run ṣe dá òun nìyẹn. Bí wọ́n bá ń ru pákó sínú ọkọ̀, á dúró láàárín, á ní, "Ẹ jẹ́ n mí ná." Kì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Nígbà tí ọ̀gá wọn fẹ́ fi í ṣe olórí àwọn tó ń lọ gé gẹdú nínú igbó, ó kọ̀, ó ní iṣẹ́ ẹni tó lè sáré bí igi bá ń wó ni. Ẹlòmíràn ló gba iṣẹ́ náà, onítọ̀hún ti kọ́lé. Nígbà tí Hafeez, àbíkẹ́yìn wa, wà ní sẹ́kọ́ńdìrì tó fẹ́ máa sáré ìje, bàbá rẹ̀ ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé ọmọ tí òun bí kò lè ní èémí. Ọmọ náà fi sílẹ̀ lóòótọ́.

Ta ló sọ fún un pé èémí rẹ̀ kúrú? Ẹ̀gbọ́n mi ni. Láwàl, ọmọ ìyá mi, ẹni tó kọ́ ọ ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn.

Láwàl ló mú mi fún Sàláwù gan-an. Nígbà ọ̀dọ́ wọn, ó kó àwọn ọmọkùnrin jọ létí omi ní Ìbíadé, ó ń kọ́ wọn níjà. Wọ́n á sáré lórí iyanrìn, wọ́n á wa ọkọ̀ ojú omi lòdì sí ìṣàn kí apá wọn lè le. Sàláwù wá láti Òjòwò, ó ń gbé nínú ahéré ẹ̀gbọ́n mi létí omi, ibẹ̀ ló ti rí mi tí mò ń gbé ẹja. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn rẹ̀, àbí mo rò pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá jẹ iṣu, á bù fún un. Bí àìsàn bá kọlù ú, á jókòó tì í.

Lọ́dún tí mo bí Haneefah, àkọ́bí wa, ọ̀gá kan wá láti Èkó tó ń wá akànṣẹ́ tí yóò mú lọ. Ẹni méjì ló kù fún un láti yàn, Akóredé àti Sàláwù. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì jà lórí pápá ilé ìwé kan níbí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni tó bá borí ni yóò bá ọ̀gá lọ. Ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n fi sí, nígbà tí ààwẹ̀ ń parí lọ. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ọjọ́ ọdún ni Sátidé náà yóò jẹ́ àbí ọjọ́ ààwẹ̀ ìkẹyìn. Ọwọ́ oṣù ló wà.

Oṣù lé lálẹ́ Jímọ̀. Rédíò kéde rẹ̀. Ọkọ mi ṣì wà nínú ahéré Láwàl ní Ìbíadé, ó ń múra ìjà. Èmi àti ìyá ọkọ mi nílé níbí kò fojú ba oorun, oúnjẹ ọdún la ń sè. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ti Yídì dé, mo bu ìrẹsì sínú abọ́ olómorí, mo fi itan adìyẹ méjì lé e lórí, mo gbé e lọ síbi pápá. Ẹ̀gbọ́n mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní akànṣẹ́ kì í rójú ìyàwó rẹ̀ kó tó wọ ríǹgì, kí n gbé abọ́ náà fún òun. Nígbà tó ṣe, ó dá abọ́ padà fún mi, ó ṣófo. Ó ní, "Ọkọ ẹ jẹ, ó yó, ó ní kí n kí ẹ." Inú mi dùn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjà lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, oòrùn ṣì ń ta gan-an. Mo pọn Haneefah. Ní ráúǹdì kejì, ọkọ mi gbá Akóredé lẹ́ṣẹ̀ẹ́ kan lẹ́rẹ̀kẹ́, ó jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó wá jẹun. Agogo ló gbà á. Gbogbo pápá ń pe Sàláwù, Sàláwù. Ṣùgbọ́n láti ìkẹrin lọ, ọwọ́ ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Bí wọ́n bá ti jókòó sígun láti sinmi, Láwàl á gbé omi fún un, ọkọ mi á fi yọ ẹnu, á tu gbogbo rẹ̀ dànù. Mo rí i. Mo rò pé bí àwọn akànṣẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn, Akóredé náà ń tu tirẹ̀. Nígbà tó di ìkeje, ẹ̀ṣẹ́ kan tí n kò tiẹ̀ kà sí ẹ̀ṣẹ́ ló bà á, ó ṣubú, kò lè dìde mọ́.

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó ki gúgúrú sẹ́nu. Ta ló máa bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ bóyá ìrẹsì mi dùn? Láwàl wá jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, omijé lé sí i lójú. Ó ní, "Àna mi, ọwọ́ rẹ dára, ọkàn rẹ le, ṣùgbọ́n èémí rẹ kúrú. Fi ìjà sílẹ̀ kí wọ́n má pa ọ́ fún wa." Ọkọ mi gbà. Kò pẹ́ rárá tí Láwàl fi bá Akóredé lọ sí Èkó. Ó ní nígbà tí Sàláwù ti jáwọ́, òun náà gbọ́dọ̀ jẹun. A ní kò burú. A tún ṣe àdúà fún un.

Akóredé jà títí, kò sẹ́ni tó nà án. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó kọ́lé sí Àtìkòrì, Láwàl ló máa ń bá a jókòó. Lọ́dún yìí ni àwọn onírédíò wá gbé àríyànjiyàn dé: ṣé òkìkí Akóredé kò ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ? Ta gan-an ló nà? Hafeez, tó ti wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé lọ́jọ́ Àìkú kan. Ó ní, "Bàbá, òkìkí lásán ni. Àwọn ọmọ gáréèjì àti àwọn arúgbó tí wọ́n kó wá láti Kùtọnù ló ń nà kiri."

N kò rí i kí ọkọ mi bínú báyẹn rí. Ó gbé ife ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Hafeez, bí ẹni tó nà mí bá jẹ́ òkìkí lásán, kí wá lèmi? Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn ni mo fi sílẹ̀ nítorí pé ọkùnrin náà dára jù mí lọ. Bí kò bá dára jù mí lọ, kí ni mo fi í sílẹ̀ fún?" Ọmọ náà ní kó má bínú.

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ẹ jọ̀ọ́. Ayé ọkọ mi pátá dúró lórí pé Akóredé nà án, pé ìnà náà sì jẹ́ òtítọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìyẹn, òpó ilé rẹ̀ ló fọwọ́ kàn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fẹ́ràn eré ìdárayá wá ní kí Akóredé wá sí gbọ̀ngàn ní Àgọ́-Ìwòyè láti dáhùn ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ náà. Akóredé wá bẹ ọkọ mi pé kó bá òun lọ, kó wá jẹ́rìí, torí nínú àwọn tí òun nà nílé níbí, Sàláwù nìkan ló kù láyé. Ọkọ mi gbà kíá. Ó ń to ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu kó tó di ọjọ́ náà. Mo bá a níwájú dígí tó ń sọ pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo bá ọkùnrin yìí jà, ọkùnrin ni." Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ṣé ó fẹ́ tún ìyàwó fẹ́ ní Àgọ́-Ìwòyè ni?

Ọjọ́bọ̀ ni ètò náà bọ́ sí. Akóredé àti Láwàl yà sílé wa kí gbogbo wa lè jọ wọkọ̀ Akóredé lọ. Mo se ìkọ́kọrẹ́, mo fi ẹja yíyan tó dáa sí i, nítorí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó tì í. Akóredé ní, "Sàláwù, sún mọ́bí." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń gba ààwẹ̀.

Akóredé bú sẹ́rìn-ín débi pé ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó ní, "Sàláwù àti ààwẹ̀! Bọ̀dá Láwàl, òtítọ́ lẹ máa sọ fún un lọ́tẹ̀ yìí o. Ẹ má tún sọ pé oṣù ò lé."

Láwàl kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ abọ́.

Mo ní, "Kí rèé? Oṣù wo?"

Akóredé wo ojú mi, ó wo ojú ọkọ mi, ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní, "Mo rò pé ẹ ti mọ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Mo rò pé ẹ̀yin àti Bọ̀dá ti yanjú ẹ̀ láàárín ara yín."

Ọkọ mi jókòó. Ó ní, "A ti yanjú kí ni?"

Ìgbà náà ló sọ ohun tí kò sọ fún mi rí. Kò wo ojú mi, Láwàl ló ń bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. Ó ní, "Lálẹ́ Jímọ̀, nínú ahéré, ẹ ní ẹ̀ ń lọ gbọ́ ohun tí Alfa bá wí nípa oṣù. Ẹ dé, ẹ ní Alfa ò rí oṣù, pé ká jẹ́ kí ọgbọ̀n pé. Ẹ̀yin lẹ jí mi ní sààrì. Ẹ̀yin lẹ po ẹ̀kọ fún mi. Nígbà tí à ń bọ̀ lọ́nà tí mo rí àwọn tó ń ti Yídì bọ̀, mo bi yín. Ẹ ní rédíò ni wọ́n tẹ̀ lé. Ẹ ní ojú la fi ń rí oṣù, a kì í fi etí rí i."

Ẹni tó bá ti gbé àárín wa mọ̀ pé kò sí irọ́ tó rọrùn láti gbà gbọ́ jù ìyẹn lọ. Ọdọọdún la máa ń fa ọ̀rọ̀ oṣù. Nínú agboolé kan náà, bàbá á ti máa fa itan adìyẹ ọdún ya, ọmọ á ṣì wà lẹ́nu ààwẹ̀, kálukú ló ń tẹ̀ lé Alfa tirẹ̀. Alfa Ìbíadé ló kọ́ Sàláwù ní Kùránì, ohun tó bá wí, abẹ gé e. Alfa náà sì kú kí Iléyá ọdún yẹn tó dé. Ta ni yóò tún máa bi èèyàn kiri pé ọjọ́ wo lẹ ṣọdún? Ẹni tó mọ gbogbo ìyẹn, tó tún mọ̀ pé Sàláwù kò ní torí ìjà jẹ ààwẹ̀ kan ṣoṣo, Láwàl ni.

Mo ní, "Bàbá Haneefah, ṣé ààwẹ̀ wà lẹ́nu yín tí ẹ fi ja ìjà yẹn?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

Ó ní, "Kí n wá máa sọ kiri pé ààwẹ̀ Ọlọ́run ló jẹ́ kí wọ́n nà mí? Ṣé ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ nìyẹn?"

Àṣé ìdí tó fi ń tu omi dànù nìyẹn. Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Bọ̀dá, ta ló jẹ ìrẹsì tí mo gbé fún yín?" N kò dúró gba ìdáhùn. Ó jẹ oúnjẹ ọkọ mi tán, ó fọ abọ́, ó sì wá kí mi pé ọkọ mi yó.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù fún Sàláwù. Ó ní, "Alfa ńkọ́? Ṣé ó lọ sí Yídì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?"

Láwàl ní, "Òun ló kírun fún wọn."

Ọkọ mi ní, "Ẹ wá mú mi gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ọjọ́ tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ní ká jẹun."

Láwàl wá rí ẹnu. Ó ní ọkàn ọ̀gá Èkó ti wà lára Akóredé tẹ́lẹ̀, pé ọ̀gá náà ṣèlérí fún òun pé bí Akóredé bá borí, òun ni yóò máa dúró sí igun rẹ̀ l'Ékòó. Ó ní òun bímọ sílẹ̀, pé kí ni òun ì bá ṣe. Ó ní, "Ó ṣe tán, èémí rẹ kúrú, ìwọ náà mọ̀."

"Ta ló sọ fún mi?" Sàláwù ní.

Akóredé ní kò kúkú sí lọ́wọ́ òun, pé láàárọ̀ ìjà gan-an ni Láwàl tó sọ fún òun. Mo ní, "Ẹ sì wọ ríǹgì." Ó ní, "Ìyá Haneefah, ìjà ni. Ta ló máa rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kó má gbà á?" Ẹnu tó fi sọ ọ́ ni ìkọ́kọrẹ́ mi ṣì wà.

Wọ́n máa ń ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Láti kékeré ni mo ti ń fẹnu lásán sọ ọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i tó jókòó sórí àga mi, tí epo wà létè rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ìyá mi.

Mo rò pé ọkọ mi kò ní lọ mọ́. Ó dìde, ó wọ bàtà, ó ní òun ti ṣèlérí pé òun á wá jẹ́rìí, òun á sì jẹ́ ẹ. Akóredé fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, ọkọ mi yíjú sí fèrèsé títí a fi kọjá Orù.

Gbọ̀ngàn kún. Hafeez ti gba àyè sílẹ̀ fún wa níwájú. Olúfúnmi, olùkọ́ tó ń darí ètò, pe Akóredé jáde, àtẹ́wọ́ bolẹ̀. Wọ́n ń bi í léèrè, ó ń fèsì, ó ń ṣàwàdà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó ní àwọn gbọ́ pé àwọn tó nà kò tó nǹkan, pé ká ní ẹni gidi ló bá a jà, ì bá ti nà án. Akóredé nawọ́ sí ọkọ mi. Ó ní, "Ẹ bi Sàláwù. Òun ló gbé mi jókòó sílẹ̀ ní ráúǹdì kejì. Ṣé ẹni yẹpẹrẹ ló máa ṣe ìyẹn?" Mo rí i pé ó ń fi ojú bẹ ọkọ mi.

Sàláwù gba máíkì. Ó kí wọn. Ó ní, "Ẹ ní kí n wá sọ bóyá Akóredé dára tó bí ayé ṣe ń wí. N kò mọ̀. Èmi àti ẹ̀ kò tíì jà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Ó jẹ́ kí wọ́n rín in tán, ó wá sọ gbogbo rẹ̀: oṣù, sààrì, omi tó ń tu dànù. Kò bú ẹnikẹ́ni. Bó ṣe sọ ọ́ tán, Akóredé mi orí, ó ní ọ̀rẹ́ òun ti ń dàgbà, ká má bínú sí i. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ìlara ni." Olúfúnmi fi pẹ̀lẹ́ bi ọkọ mi léèrè bóyá ẹlẹ́rìí kan wà. Ọkọ mi ní, "Ẹni tó sọ fún mi pé oṣù ò lé jókòó níbẹ̀ yẹn."

Láwàl dìde. Mo wò ó. Mo ní lọ́kàn mi pé ìyá kan ló bí wa, kò ní ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, "Ọjọ́ ti pẹ́. N kò rántí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ́ Sàláwù níjà, mo mọ̀ ọ́n. Èémí rẹ̀ ló kúrú." Ó jókòó padà.

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní irọ́ ló ń pa, pé nínú pálọ̀ mi ló ti jẹ́wọ́ lọ́sàn-án òní, pé Akóredé náà gbọ́. Mo pe Akóredé lórúkọ kó sọ ọ́. Ó ń wo ilẹ̀. Ọmọbìnrin kan níwájú mi sọ fún èkejì rẹ̀ pé, "Ìyàwó ẹ̀ nìyẹn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún Akóredé ní àwo tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, wọ́n ya fọ́tò. Hafeez nìkan ló wá di apá bàbá rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Láwàl sáré tọ̀ wá níta. Ó ní, "Abíbátù, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tú ilé ìyá wa ká." Mo ní ó ti tú u ká láti ọjọ́ tó po ẹ̀kọ sààrì lọ́jọ́ ọdún, pé èmi ni n kò tètè mọ̀. Mo ní bí mo bá kú, kó má wá síbi òkú mi. N kò tíì yí ohùn padà lórí ìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ bá mi wí kó máa bá mi wí. Ọkọ̀ èrò la wọ̀ padà wálé.

Ọ̀rọ̀ Akóredé kọ́ ló dun ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní ẹni tó ń báni jà ni Akóredé, ẹni tó ń báni jà kì í ṣe ìyá ẹni. Ti Láwàl ló ń dùn ún. Kì í ṣe ti ààwẹ̀ pàápàá. Ó ní, "Ó di ọwọ́ mi mú nílé ìwòsàn, ó ń sunkún."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti mọ́sáláṣí dé, ó bọ́ jalábíà, ó wọ ṣòkòtò péńpé. Ó bọ́ sójú títì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Sàláwù, tí kì í sáré bí òjò bá ká a mọ́nà. Mo tẹ̀ lé e, mò ń pè é pé Bàbá Haneefah, ẹ má pa ara yín fún mi. Ó yà ní kọ́nà, n kò rí i mọ́. Mo dúró, mo káwọ́ lérí. Àwọn tó ń ṣí ìsọ̀ ń bi mí bóyá ẹnì kan kú nílé wa.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó rí i tó ń bọ̀, ó ṣì ń sáré. Ó sáré kọjá lára mi, ó lọ dé iwájú mọ́sáláṣí, ó yí padà, ó sáré wá dúró síwájú mi. Òógùn ń ṣàn lára rẹ̀. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé àyà rẹ̀ lójú gbogbo ayé, ohun tí kò ṣe rí.

Ó ní, "Abíbátù, gbọ́ ọ."

Mo gbọ́ ọ. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, déédéé, kò já.

Ó ní, "Kò kúrú. Kò kúrú rárá." Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí títì, ọkùnrin tí orí rẹ̀ ti funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.